Ife mínírà tí wọ́n ní "ẹ mu ún títí": ṣé ó tó owó tí ẹ máa san?



Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Òun, ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òtẹ́ẹ̀lì kan nínú Walt Disney World, ní Orlando, ìpínlẹ̀ Florida. Ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́dọ̀ wọn. Voice note ló fi ránṣẹ́:

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ yìí ti rí ife kan. Wọ́n ní tí mo bá ti rà á, a ó máa rọ mínírà sí i títí a ó fi lọ, a ò ní sanwó mọ́. Ọ̀kan lé ní ogún dọ́là, márùn-ún ni wọ́n sì fẹ́ kí n rà. Ṣé kí n rà á ni, àbí jìbìtì ni?"

Mo ti fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọdún méjì ló fi kó owó ìrìn àjò yẹn jọ, náírà sì ni wọ́n ń san fún un níbi iṣẹ́. Ẹ wò ó: tí ife kan bá jẹ́ dọ́là 22, márùn-ún á jẹ́ dọ́là 110. Tí a bá fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, ₦165,000 nìyẹn. Lórí ife oníke! Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló wà níbí tí owó yẹn tó san owó sáà kan fún ọmọ kan.

Mo dìde, mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ife mínírà ní òru. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí, tàbí kẹ́ ẹ ní èèyàn lókè òkun tó ń gbé àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń tà fún yín gan-an?

Ife oníke ni, ó ní ìdérí, wọ́n ya àwòrán ọgbà ìgbafẹ́ náà sí i lára. Ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá lè máa rọ ẹlẹ́rìndòdò sí i léraléra láàárín àkókò tí wọ́n bá dá.

Ọ̀rọ̀ "àkókò" yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ rò ó bíi data orí fóònù. Tẹ́ ẹ bá ra data "unlimited" fún ọjọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó parí nìyẹn, bóyá ẹ lò ó tàbí ẹ sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ife yìí. Ẹ ò ra mínírà, àǹfààní láti máa rọ mínírà fún ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ rà. Tí ọjọ́ bá pé, ife lásán ló kù lọ́wọ́ yín.

Ó yàtọ̀ sí òfìfo ìgò tí a máa ń gbé lọ sí ìsọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà yẹn, ìgò ni wọ́n ń gbà padà, ohun tó wà nínú ẹ̀ la ń sanwó fún. Níbí, ìgò gan-an lẹ máa sanwó fún, wọ́n á wá ní ohun tó wà nínú ẹ̀ di ọ̀fẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jèrè?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé tí àwọn bá mu ife mẹ́wàá, àwọn ti jẹ ilé iṣẹ́ yẹn run. Rárá o. Mínírà inú ẹ̀rọ kì í wá nínú ìgò. Omi àdídùn tó ki ni wọ́n ń kó wá nínú àpò ńlá kan tó wà nínú páálí. Ẹ̀rọ á da ìwọ̀n kan nínú ẹ̀ pọ̀ mọ́ nǹkan bí ìwọ̀n márùn-ún omi tí wọ́n ti fẹ́ gáàsì sí. Ẹ fi yìnyín kún un, ẹ ó rí i pé omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ife kan ń ná wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń tà á.

Èrè mìíràn tún wà. Àkọ́kọ́, owó ti wọlé kí ẹ tó mu ẹyọ kan. Ìkejì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ rọ mínírà, iwájú ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lẹ máa dúró sí, òórùn písà á sì máa fẹ́ sí yín nímú. Ìkẹta, ẹ máa gbé ife náà délé, ó sì ń polówó ọjà wọn nínú kíṣìnnì yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Torí náà, mo sọ fún àbúrò mi pé kì í ṣe jìbìtì. Òwò ni. Ẹni tó ń ta ọjà ti ṣe ìṣirò tiẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń rà ni kò tíì ṣe.

Ẹ má sì rò pé ẹ máa gbọ́n ju wọn lọ. Nígbà kan, àwọn kan máa ń gbé ife ọdún tó kọjá padà wá láti tún rọ ọ̀fẹ́. Ní báyìí, chip kékeré kan wà ní ìdí ife, wọ́n ń pè é ní RFID. Ẹ gbé ife sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kà á. Tí ọjọ́ yín bá ti pé, kò ní tú ẹ̀kán kan jáde.

Òfin wọn kò dọ́gba

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ní Walt Disney World, inú àwọn òtẹ́ẹ̀lì Disney ni ife yìí ti ń ṣiṣẹ́: ibi tí wọ́n ti ń jẹun àti létí odò ìlúwẹ̀ẹ́. Kò wúlò nínú Magic Kingdom tàbí Epcot, níbi tí oòrùn á ti máa pa yín láti àárọ̀ dalẹ́. Àbúrò mi ò mọ̀. Ṣe ló rò pé àwọn ọmọ á máa gbé e kiri inú ọgbà. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé iye kan náà ni wọ́n ń tà á fún ẹni tó fẹ́ sun ọjọ́ méjì àti ẹni tó fẹ́ sun ọ̀sẹ̀ kan, tíì àti kọfí sì wà lára ohun tí ẹ lè rọ.

Ní Universal Orlando, inú ọgbà gan-an ni tiwọn ti ń ṣiṣẹ́, lára ẹ̀rọ Coca-Cola Freestyle. Ẹ̀rọ yìí jáde ní 2009, ó sì lè po oríṣi ẹlẹ́rìndòdò tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni owó ife bò. Tẹ́ ẹ bá padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ máa san owó mìíràn, tó kéré sí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n tó tún tan chip yín. Tẹ́ ẹ bá sì rọ ọ̀kan tán, ẹ máa dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbà kẹ́ ẹ rọ òmíràn. Tí ẹ bá wọ àdúgbò Harry Potter, ẹ gbàgbé ife yẹn, wọn kì í ta Coca-Cola níbẹ̀.

Six Flags náà ní tiwọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ ti ọjọ́ kan, òmíràn wà fún gbogbo sáà. Ti gbogbo sáà yìí lè dáa fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń gbé nítòsí. Ẹni tó wà ní agbègbè Dallas, tó ń gbé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí Six Flags Over Texas ní Arlington lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó wọkọ̀ òfuurufú wá láti Ìkẹjà fún ọjọ́ kan.

Àwọn ará London, ẹ gbọ́ tiyín. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2025, òfin ilẹ̀ England ti dí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ láti máa fún àwọn oníbàárà ní àtúnrọ ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí kò ní ṣúgà kò sí nínú òfin yẹn. Torí náà, tí wọ́n bá na irú ife yìí sí yín nínú ọgbà kan níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n máa jẹ́ kẹ́ ẹ rọ sí i kẹ́ ẹ tó yọ káàdì.

Bí ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ẹ mú iye ife, ẹ fi iye mínírà kan pín in. Tí ife bá jẹ́ dọ́là 22, tí mínírà kan sì jẹ́ dọ́là mẹ́rin àbọ̀, ó tó márùn-ún kí owó yín tó padà. Iye wọ̀nyí ń yí padà, ẹ wo èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá mu ife mẹ́wàá, ṣé ẹ ti jèrè márùn-ún? Kò dájú. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé: ká ní ẹ ò ra ife yìí, mínírà mélòó lẹ ò bá fi owó yín rà? Tó bá jẹ́ méjì péré lẹ ò bá rà ní gbogbo ọjọ́ yẹn, dọ́là mẹ́sàn-án lẹ ò bá ná. Dọ́là 22 lẹ wá san. Mẹ́jọ tó kù tẹ́ ẹ mu, torí pé "ọ̀fẹ́" ni lẹ ṣe mu ún, kì í ṣe torí òùngbẹ.

Mo bi àbúrò mi léèrè bẹ́ẹ̀. Ó ronú, ó ní: "Ìyàwó mi kì í mu mínírà, omi ni tiẹ̀. Àwọn kékeré méjì kì í mu ife kan tán. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ń mu ún bí ẹni tó ń mu omi. Èmi, tíì ni tèmi, láàárọ̀ àti lálẹ́."

Ìdáhùn ti jáde nìyẹn. Márùn-ún ti di méjì.

Ìbéèrè kejì: wákàtí mélòó lẹ máa lò nítòsí ẹ̀rọ náà? Tẹ́ ẹ bá ń jáde ní òtẹ́ẹ̀lì ní aago méje àárọ̀, tẹ́ ẹ ń padà ní mẹ́wàá alẹ́, nígbà wo lẹ fẹ́ rọ ọ́? Ìkẹta: ṣé wọ́n gbà kí èèyàn méjì lo ife kan? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni kan ló ni ife kan. Ẹ má fi ojú àwọn ọmọ yín rí ìtìjú nítorí mínírà.

Omi ńkọ́?

Ohun tí wọn ò ní kọ sára pátákó gàdàgbà nìyí. Nínú ọgbà Disney àti Universal ní Orlando, tẹ́ ẹ bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti ẹlẹ́rìndòdò inú ẹ̀rọ, wọ́n á fún yín ní omi tútù tó ní yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá béèrè. Disney tún gbà kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ àti omi tiyín wọlé, kó má ṣáà ti wà nínú ìgò onígíláàsì. Ní ilẹ̀ Britain, ibikíbi tó bá ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí fún mímu níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá béèrè.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwa láti béèrè nǹkan ọ̀fẹ́ nílùú onílùú. Ẹ béèrè. Oòrùn Orlando nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn máa ń kọjá ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi sì ni ara ń fẹ́ nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà náà ò ṣe é fò. Agolo Coke kan ní Amẹ́ríkà ní ṣúgà gíráàmù 39. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó dáa jù kí àgbàlagbà má kọjá nǹkan bí gíráàmù 25 lóòjọ́, nínú gbogbo ohun tó jẹ àti èyí tó mu. Ife ìrántí yìí sì máa ń gbà ju agolo kan lọ. Ọmọ tó bá mu mẹ́rin lóòjọ́ torí pé bàbá ẹ̀ ti sanwó, ẹ fọkàn bá mi ṣírò ẹ̀. Nínú ìdílé tí ìtọ̀ ṣúgà bá ti wà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ta ló wá yẹ kó rà á?

Ẹ rà á tẹ́ ẹ bá máa pẹ́ nílé ìtura náà, tẹ́ ẹ máa ń lúwẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn tíì tàbí kọfí lójoojúmọ́. Ẹ rà á tẹ́ ẹ bá ń gbé nítòsí ọgbà kan tó ń ta ti gbogbo sáà. Ẹ sì rà á tó bá jẹ́ pé ife gan-an ló wù yín, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun ìrántí lẹ rà, kì í ṣe pé ẹ fi owó pamọ́.

Ẹ má rà á fún ọjọ́ kan péré. Ẹ má rà á fún ọmọ kékeré. Ẹ má sì rà á nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ yín, tí oòrùn ń pa yín, tí àwọn ọmọ ń sunkún. Orí yín ò ní pé nígbà yẹn. Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti pinnu.

Àbúrò mi ra méjì. Dọ́là 44 dípò 110. Fún ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n lò, ó mu tíì nínú tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, owó ẹ̀ padà. Ọmọ ẹ̀ rọ mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rọ ẹyọ kan lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta ó gbàgbé ife sínú yàrá. Ó ní ó ti sú òun.

Nígbà tí wọ́n dé, mo yà sọ́dọ̀ wọn ní Ṣùúrùlérè. Àbúrò mi jókòó ní bákónì, ife Disney wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo inú ẹ̀. Gààrí ni, ẹ̀pà léfòó lórí, omi ẹ̀ sì tutù.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "èyí ni mo máa rọ kún inú ẹ̀ títí ayé."