Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìpìlẹ̀ ilé wò

Ní Minnesota, lápá àríwá Amẹ́ríkà, òtútù máa ń wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà. Òfin ìkọ́lé ibẹ̀ ní kí ìpìlẹ̀ jìn tó ínṣì 42 lápá gúúsù ìpínlẹ̀ náà, kó tó ínṣì 60 lápá àríwá, kí omi tó dì sínú ilẹ̀ má baà ti ilé sókè. Òtútù yìí kan náà ló ń mú kí àwọn kọ́lékọ́lé máa lẹ fóòmù líle mọ́ ògiri ìpìlẹ̀ láti ìta, kí ooru tí wọ́n ń fowó rà má baà gba ibẹ̀ sá lọ.

Òṣìṣẹ́ ìlú tó ń yẹ ilé wò ló ń rí sí i pé iṣẹ́ yìí bófin mu. Ẹ má kà á mọ́ ẹni tí èèyàn ń háyà kó tó ra ilé o. Ìmọ̀ràn ni tìyẹn, àṣẹ ni ti òṣìṣẹ́ yìí: ilé tuntun tí kò bá yege lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ìwé òfin tí International Code Council ń tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò. Ọdún 1994 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé wọn tó ń jẹ́ International Residential Code, ti ilé gbígbé, sì jáde ní 2000.

Ohun tí òfin sọ lórí fóòmù tó yọjú lókè ilẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: kí wọ́n fi ohun líle bò ó, èyí tí oòrùn ò lè là kọjá, tí òjò ò sì lè bà jẹ́, kí ìbora náà wọ ilẹ̀ tó ínṣì 6, ó kéré tán. Ìdí ẹ̀ ò fara sin. Fóòmù tí oòrùn bá ń pa á ṣá. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò nù ún, ẹbu á tẹ̀lé ọwọ́. Ẹ̀rọ ìgékoríko á máa bù ú jẹ létí, èèrà á gbẹ́ ihò sínú ẹ̀, á sì tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń na àwọ̀n sí i, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ọ̀dà nìkan ò tó. Èyí tí wọ́n fi tínà pò tiẹ̀ lè jẹ fóòmù náà.

Ní Florida, Georgia àti Louisiana, ikán ni ìṣòro. Ìwé òfin yẹn ò fàyè gba fóòmù lára ògiri ìpìlẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, àfi láwọn ìgbà kan, torí ikán á gba inú ẹ̀ dé ara pákó láìsí ẹni tó rí i.

Ìbora fóòmù ló sábà máa ń kẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ojú agbaṣẹ́ṣe ti wà níbòmíì. Bí yìnyín bá tún bo ẹsẹ̀ ilé lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó rọrùn láti buwọ́ lùwé kí wọ́n sì máa lọ. Lójú tèmi, kò yẹ kí òṣìṣẹ́ kankan ṣe bẹ́ẹ̀; kó padà wá nígbà tí yìnyín bá yọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń kọ́lé nílùú òtútù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ilé yín ká kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Bí ẹ bá ṣì rí fóòmù, iṣẹ́ ò tíì parí.