Ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ: Bí ẹ ṣe lè dín owó ọjà kù láì jẹ́ kó hàn lára ọmọ



Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ tí mo fi èdè Yorùbá kí i, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ wò ó, ọmọ yìí ti ń sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ohun tó kàn ń dà mí láàmú ni pé kì í ṣeré mọ́, ẹkún ni ṣáá.”

Mo fi àtàńpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ibẹ̀ jìn kòtò, kò sì tètè padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kejì. Irun orí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó sì ti ń pọ́n. Ọmọ náà kò sanra rárá. Omi ló kún ara rẹ̀.

Mo bi í léèrè pé, “Màmá, kí ni ọmọ ń jẹ?” Ó ní kókó láàárọ̀, tùwó lọ́sàn-án, tùwó lálẹ́. Ẹyin ńkọ́? “Ẹyin ti wọ́n jù, Dókítà.” Ẹ̀wà ńkọ́? “Ẹ̀wà máa ń jẹ gáàsì.” Ẹja ńkọ́? “Èyí tí a bá rí rà, bàbá wọn la máa ń gbé e sílẹ̀ fún.”

Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì kórìíra ọmọ rẹ̀. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ rà ní 1,000 náírà lọ́dún tó ṣáájú ti di nǹkan bíi 1,400. Obìnrin náà ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe: ó dín in kù. Àṣìṣe ibẹ̀ ni ibi tó ti dín in.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú lónìí. Tí owó ọjà kò bá tó mọ́, ẹ kọ́kọ́ dín ohun tó ń bàjẹ́ kù, ẹ dín iná tó ń jó lásán kù, ẹ dín ohun tí kò ṣe ara lóore kù. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ inú àwo ọmọ ni kí ọwọ́ yín kàn kẹ́yìn.

Àìsàn wo ló ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú bẹ́ẹ̀?

Kwashiorkor ni orúkọ rẹ̀. Èdè Gà, ti àwọn ará Accra ní Ghana, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Accra nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Ghana ní Gold Coast, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1933. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí àbúrò rẹ̀ dé. Ìyá lóyún mìíràn, wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n sì fi ẹ̀kọ àgbàdo rọ́pò wàrà.

Àìtó purotéènì, èròjà tó ń mú ara dàgbà, wà lára ohun tó ń bá àìsàn náà rìn. Kì í ṣe òun nìkan ṣá o. Àìtó àwọn èròjà mìíràn àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń ṣe ọmọ léraléra tún máa ń dá kún un. Àmọ́ oúnjẹ ni ibi tí ọwọ́ òbí ti lè tó o.

Ẹ rántí pé inú ọmọ kéré. Ife kókó kan ti tó láti kún un, bẹ́ẹ̀ omi àti agbára díẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tó jẹ tùwó pẹ̀lú ọbẹ̀ ṣíṣàn lónìí lè jẹ àkàrà níta lọ́la. Ọmọ ọdún kan kò lè dá jáde lọ ra àkàrà. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ.

Ẹ wá ibi tí owó ti ń jò

Kí ẹ tó dín ohunkóhun kù, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo owó tó bá oúnjẹ lọ sílẹ̀, títí kan súyà àti mínírà. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ṣe é nílé wa, ohun méjì ló yà wá lẹ́nu. Èkíní ni tòmátì tí a rà ní púpọ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú, tí ìdajì rẹ̀ sì rà. Èkejì ni búrẹ́dì àti mínírà tí a máa ń rà ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ti ronú ohun tí a máa jẹ. Owó ohun méjì yìí lọ́sẹ̀ kan ju owó ẹyin tí àwọn ọmọ wa lè jẹ lọ.

Jíjò kẹta ni ríra nǹkan ní wẹ́wẹ́. Ká mú àpẹẹrẹ: tí ìgò epo kan bá jẹ́ 1,500 náírà, tí ọ̀rá kékeré tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ 200, ọ̀rá mẹ́wàá máa jẹ́ 2,000. 500 náírà ti lọ láì mú nǹkan kan wálé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń ra wẹ́wẹ́ nítorí pé owó kì í pé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí àjọ ti wúlò nìyẹn. Ẹ̀yin aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó pọ̀ ra àpò ẹ̀wà kan, kí ẹ sì pín in ní múdù-múdù.

Ẹ kọ ẹ̀wà àti ẹja sílẹ̀ kí ẹ tó kọ òkèlè

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń bi ara wa pé, “Ṣé ìrẹsì ni àbí àmàlà?” Ẹ yí ìbéèrè náà padà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó kù nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ méje sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ohun tí purotéènì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ síwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá òkèlè tàbí ìrẹsì tó máa bá a lọ. Bí ti ilé wa ṣe máa ń rí nìyí:

Ọjọ́ Ajé: ẹ̀wà rírò àti ẹ̀kọ.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: tùwó, ọbẹ̀ ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́.
Ọjọ́rú: ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù ní Ọjọ́ Ajé.
Ọjọ́bọ̀: mọ́ínmọ́ín àti gàrí.
Ọjọ́ Ẹtì: àmàlà, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja gbígbẹ.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: wàrà sóyà, tí àwọn Hausa ń pè ní àwàrá, nínú ọbẹ̀ ata, pẹ̀lú iṣu tàbí ọ̀dùnkún.
Ọjọ́ Àìkú: ìrẹsì, ẹran tàbí ẹyin.

Ẹ ó rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹran lè wọ inú ìkòkò, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí purotéènì kò sí níbẹ̀. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní ju gíráàmù 20 purotéènì lọ, sóyà sì jù ú lọ dáadáa. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Tí ẹ bá tún jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì, àgbàdo tàbí jéró, ohun tó kù díẹ̀ nínú ọ̀kan ni èkejì máa ń dí. Magí kò sí nínú ìṣirò yìí o. Adùn àti iyọ̀ ni magí ń fún ọbẹ̀, kò lè rọ́pò ẹja.

Ìgbà ni ọjà

Àwa tí a ń gbé òkè ọya ní àǹfààní kan: a sún mọ́ oko. Lẹ́yìn ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá lọ, ni ẹ̀wà tuntun máa ń dé ọjà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátì máa ń pọ̀ jù, tó bá sì wọ ìgbà òjò, á di góòlù. Nígbà tó bá pọ̀ ni kí ẹ rà á, kí ẹ gé e, kí ẹ sá a sórí ohun tó mọ́, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí eṣinṣin má bà lé e.

Tí ẹ bá ra ẹ̀wà tó pọ̀, ẹ má fi oògùn apakòkòrò pa á mọ́. Májèlé ni. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ kún un dé ẹnu pẹ̀lú ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ máa kú nígbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ, torí pé èyí tí ẹ kò tíì ṣí kò ní gba afẹ́fẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀wà ń jẹ gáàsì?

Ó ń jẹ ẹ́ tí ẹ bá gbé e kaná ní gbígbẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sì da omi yẹn nù láàárọ̀. Kò ní pẹ́ lórí iná mọ́, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ inú. Tí ẹ bá gbàgbé láti rẹ ẹ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5, ẹ pa iná, ẹ dé e fún wákàtí kan, kí ẹ tó tún tan iná. Ẹ se ti ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru ìkòkò kan sàn ju ìdáná méjì lọ.

Àmọ́ oúnjẹ tó bá kù ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù: kòkòrò àrùn kan wà tí sísè kì í pa, májèlé tó sì máa ń tú sínú ìrẹsì tó ti pẹ́ níta kì í lọ tí ẹ bá tún un gbóná. Bí kò bá sí iná mànàmáná ládùúgbò yín, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ náà. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lè di owó oògùn.

Àwo ọmọ ni àkọ́kọ́

Ní oṣù 6 àkọ́kọ́, ọmú nìkan ló tó ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oúnjẹ kún un, kí ẹ má sì já a lẹ́nu ọmú títí tó fi máa pé ọdún 2 ó kéré tán. Kò sí wàrà tó rọjú tó bẹ́ẹ̀.

Dípò kókó lásán, ẹ ṣe Tom Brown. Ife 6 jéró, ọkà bàbà tàbí àgbàdo, ife 3 sóyà, ife 1 ẹ̀pà. Ẹ yan ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ wá lọ̀ wọ́n pọ̀. Sóyà gbọ́dọ̀ yan dénú, torí pé sóyà tútù kì í jẹ́ kí ara lo purotéènì inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá sè é, kó ki débi pé kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i. Ọmọ oṣù 9 sí ọdún 2 yẹ kó jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀ láàárín.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran á di olè. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ẹyin kì í kọ́ ọmọ lólè jíjà. Ẹ bu oúnjẹ ọmọ sínú àwo tirẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tó jẹ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja yín, ẹ já nínú rẹ̀, ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ fi sí àwo ọmọ.

Ibi tí ìṣọ́wóná kò gbọdọ̀ dé

Ẹ má ra ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kò sì lè mú un kúrò pátápátá.

Tí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá wú, tó bá ń rù, tí kò fẹ́ jẹun, tí ara rẹ̀ kò yá gágá mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ owó oṣù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, wọ́n lè fi téèpù wọn apá ọmọ tó ti lé ní oṣù 6 tí kò tíì pé ọdún 5. Tí apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

A dá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sílé ìwòsàn. A tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú mílíkì pàtàkì àti oògùn. Omi ara rẹ̀ fà, ó sì wá hàn sí gbogbo wa bó ṣe rù tó. Ìyá rẹ̀ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ náà ń sáré kiri ọ́fíìsì mi, ó fẹ́ gba ohun èlò tí mo fi ń gbọ́ àyà lọ́rùn mi. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá owó ọjà ti pọ̀ sí i. Ó ní, “Rárá o, Dókítà. Iye kan náà ni. Ibi tí a ń ná an sí la yí padà.”

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi.