Olùrànlọ́wọ́ Olùkọ́ ní Kíláàsì Èdè Abínibí: Ohun tí Douala Kọ́ Wa

Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń sọ èdè kan láti kékeré lè ran olùkọ́ èdè náà lọ́wọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù.

Duala ni èdè àwọn onílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú èbúté ni. Àwọn Basaa, Bamileke àti ẹ̀yà mìíràn pọ̀ níbẹ̀, èdè Faransé sì gba ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgboro kan. Kíkọ Duala sílẹ̀ kì í ṣe tuntun: ní 1872 ni Alfred Saker, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi, parí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tí Maurice Tadadjeu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yaoundé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ PROPELCA ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí Duala wà lára àwọn èdè àkọ́kọ́ tí wọ́n mú, wọ́n ní láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè wọn dáadáa ní bí a ṣe ń kà á àti bí a ṣe ń kọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́, kí ni kí a wá sọ nípa olùrànlọ́wọ́ rẹ̀?

Ìmọ̀ èdè náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú. Ní Duala, *muna* ni ọmọ kan, *bana* ni ọmọ púpọ̀. Ọmọ tí ó fi Faransé dàgbà lè máa wá ìyàtọ̀ náà ní ìparí ọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni Faransé ń kọ ọ́ sí. Olùrànlọ́wọ́ tí kò lè ṣàlàyé pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń yí padà yóò kàn máa pariwo "bana! bana!" ni. Bákan náà ni ti Yorùbá: bí ọmọ bá kọ *igba* nígbà tí igbá ni ó ní lọ́kàn, "kò dáa" kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kí olùrànlọ́wọ́ fi dò-rè-mí pe méjèèjì kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó tún gbọ́dọ̀ ní sùúrù, kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Bí ọmọ bá ní, "Mo ti finish," kí ó dáhùn pé, "Ṣé o ti parí rẹ̀?" Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ó sì dúró ti èdè kan. Nínú iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni a fi ń kọ́ wọn ní ìyókù. Ọmọ mọ ẹni tí ó ń bá òun sọ èyí àti ẹni tí ó ń sọ tọ̀hún.

Ètò N-Power tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2016 kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, kí a tó dá a dúró ní 2023. Bí irú wọn bá tún dé, ẹ má wo ìwé ẹ̀rí nìkan. Ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, kí ó kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ó sì ka ìtàn kan fún ọmọ mẹ́ta lójú yín. Bí kò bá yege, ẹ má lé e. Ẹ jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún dán an wò.