Ìmúrasílẹ̀ fún Ẹ̀kọ́ Èdè Kọ̀ǹpútà tó Ṣàjèjì Lẹ́nu Iṣẹ́: COBOL Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé ni ìmúrasílẹ̀ tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ṣe nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ rán an lọ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ rí. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè fọwọ́ kan púrógíráàmù tó ń ṣírò owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ènìyàn. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé kí a há àwọn ọ̀rọ̀ èdè náà sórí kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó pé ni ìmúrasílẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé kíkà ló yẹ kó ṣáájú kíkọ, àti pé ohun mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì: ìhun èdè náà, ọ̀nà tó ń gbà ṣàpèjúwe ohun tí púrógíráàmù yóò lò, àti ibi tí èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti lè ṣì í lọ́nà.

2. Ìdí tí a fi mú COBOL

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1959, àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń lò ó pàdé ní Pentagon láti wá èdè kan tí onírúurú ẹ̀rọ yóò lè lò fún iṣẹ́ owó àti ìṣàkóso. Ìpàdé yìí ló bí ìgbìmọ̀ CODASYL. Èdè FLOW-MATIC, tí Grace Hopper àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe, sì wà lára ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé COBOL kà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, wọ́n fi hàn pé púrógíráàmù COBOL kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ RCA àti lórí ti Remington Rand.

Bí èdè yìí ti pẹ́ tó, kò tíì kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Phil Murphy, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey nígbà náà, bẹ̀bẹ̀ ní gbangba pé kí àwọn tó mọ COBOL yọ̀ǹda ara wọn láti wá ṣèrànwọ́. Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí lè jẹ́ ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé Python nìkan ló kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni a ní lọ́kàn.

3. Ìhun èdè náà

Púrógíráàmù COBOL pín sí apá mẹ́rin tó ń tẹ̀léra. IDENTIFICATION DIVISION ń sọ orúkọ púrógíráàmù; ENVIRONMENT DIVISION ń sọ nípa ẹ̀rọ àti fáìlì tí yóò lò; DATA DIVISION ń ṣàpèjúwe gbogbo ohun tí yóò fi pamọ́; inú PROCEDURE DIVISION sì ni àṣẹ wà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wu àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè, nítorí pé orúkọ inú gírámà ni àwọn tó ṣe COBOL fi pe àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n pe MOVE, ADD àti READ. Àwọn àṣẹ para pọ̀ di gbólóhùn, gbólóhùn para pọ̀ di ìpínrọ̀, àmì ìdánudúró ló sì ń parí gbólóhùn.

Àmì kékeré yìí lágbára. Kí òfin COBOL ti ọdún 1985 tó mú END-IF wá, àmì ìdánudúró ló ń fi òpin sí ohun tó wà lábẹ́ IF, ọ̀pọ̀ púrógíráàmù àtijọ́ sì wà bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé àṣẹ méjì wà lábẹ́ IF kan, tí ẹni tó kọ ọ́ wá ṣèèṣì fi àmì ìdánudúró sí àárín wọn. Àṣẹ kejì ti bọ́ kúrò lábẹ́ IF nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ pé kí a fi owó ajẹmọ́nú kún owó oṣù, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò kàn, ẹni tó tọ́ sí àti ẹni tí kò tọ́ sí. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń sọ púrógíráàmù di ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀lé, kò ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ sí lórí ìlà náà tún ṣe pàtàkì. Ní ìlànà àtijọ́, àyè 1 sí 6 wà fún nọ́ńbà ìlà, àyè 7 fún àmì àkíyèsí, 8 sí 11 fún àkọlé, 12 sí 72 fún àṣẹ. Ohun tó bá kọjá 72 kì í ṣe ara àṣẹ mọ́. Káàdì tí a ń lu ihò sí, tó ní àyè 80, ni òfin yìí ti wá. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè lo ọjọ́ kan gbáko nídìí àṣìṣe tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ tó kọ.

4. Ìṣàpèjúwe ohun tí a fi pamọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a gbọ́dọ̀ wo DATA DIVISION kí á tó ka àṣẹ kankan. Ẹ jẹ́ kí á wo ìlà yìí:

77 OWO-OSU PIC 9(5).

Ohun tó ń sọ ni pé àyè nọ́ńbà márùn-ún péré ni OWO-OSU ní. Bí a bá fi MOVE gbé 125000 láti inú àyè tó tóbi jù ú lọ wá síbẹ̀, apá òsì ni ẹ̀rọ yóò gé dànù, 25000 ni yóò sì kù. Òṣìṣẹ́ náà pàdánù ₦100,000, púrógíráàmù sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn àṣẹ ìṣirò bí ADD àti COMPUTE lè gba ON SIZE ERROR, tí a fi ń ṣọ́ irú ewu yìí, ṣùgbọ́n MOVE kò ní in. Irú àyè tó kéré jù bẹ́ẹ̀ náà ló fa ìdààmú ọdún 2000: nọ́ńbà méjì ni ọ̀pọ̀ púrógíráàmù fi ń kọ ọdún, ẹ̀rọ kò sì lè mọ̀ bóyá 00 jẹ́ 1900 tàbí 2000.

5. Ibi tí èdè ìṣáájú ti ń ṣini lọ́nà

A mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè pe obìnrin ní "he", nítorí pé "ó" kan náà ni èdè rẹ̀ fi ń tọ́ka sí tọkùnrin tobìnrin. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wà níbí pẹ̀lú. Nínú Python, B = A ni a fi ń gbé ohun tó wà nínú A sínú B; nínú COBOL, MOVE A TO B ni, ibi tí nǹkan ti ń bọ̀ ló ṣáájú. Python ń ka ohun inú àtòjọ láti 0. COBOL ń kà á láti 1. Python kò béèrè pé kí a kéde ohun tí a fẹ́ lò tẹ́lẹ̀. COBOL béèrè bẹ́ẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó ṣòro láti mọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti mọ́ ara ni yóò máa tàn wá jẹ.

6. Ọ̀nà ìmúrasílẹ̀

Lójú tiwa, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló yẹ. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú irú púrógíráàmù tí yóò máa tọ́jú, kí ó sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún ènìyàn. Èkejì, kí ó ka DATA DIVISION rẹ̀, kí ó máa kọ ìtumọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá tàbí ní èdè tó bá yé e jù. Ẹ̀kẹta, kí ó gba GnuCOBOL, kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán, kí ó kọ púrógíráàmù kékeré, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́: kí ó ṣí àmì ìdánudúró nípò, kí ó dín PIC kù, kí ó wo èyí tí kọ̀ǹpáílà máa pariwo lé lórí àti èyí tí yóò dákẹ́ sí. Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀: òfin ọdún wo ni púrógíráàmù ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé? Orí ẹ̀rọ wo ló wà? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá IBM, yóò ní láti mọ JCL, tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó ṣe iṣẹ́ kan. GnuCOBOL kò lè kọ́ ọ ní èyí.

7. Ìkádìí

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni gbogbo èyí, òun ni a sanwó fún. Òótọ́ ni pé olùkọ́ yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àkókò kò tó, ẹni tó bá sì ń gbọ́ orúkọ àwọn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ráyè bi olùkọ́ ní ìbéèrè nípa àmì ìdánudúró. Àwòkọ ni yóò máa ṣe. Nínú èdè tó lè gé owó ènìyàn láìsọ̀rọ̀, àwòkọ kò tó. A rọ àwọn tó ń ṣètò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní púrógíráàmù tí yóò kà, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé.