Àgbàdo Láàárín Ọ̀pẹ: Bí Ọmọ Pobè àti Sakété Ṣe Lè Di Awakọ̀ Bàálù

Ẹni tó bá gbin ọ̀pẹ ní Pobè mọ̀ pé yóò tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí òun tó kọ ẹyìn níbẹ̀. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà nílùú náà, síbẹ̀ kò tíì sí ọ̀pẹ tó so lọ́dún tí wọ́n gbìn ín. Àgbẹ̀ kì í torí èyí fi ebi pa ara rẹ̀. Àgbàdo ni yóò gbìn sáàárín ọ̀pẹ wẹ́wẹ́ náà, tàbí ẹ̀pà, tàbí ẹ̀gẹ́, owó àgbàdo ọdún yìí ni yóò sì fi san owó àwọn tó máa bá a ro oko lọ́dún tó ń bọ̀. Bó ṣe yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wa bàálù máa ro ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Owó iṣẹ́ yìí pọ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó so. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè ọ̀nà tí kò wọ́n ló ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ káàkiri. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyẹn. Ọ̀nà tí kò ní gbé ìdílé ṣubú ni èyí tí a bá gé sí ìpele-ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì lè bọ́ ẹni tó bá dúró síbẹ̀, bó pẹ́, bó yá.

Ẹ jẹ́ ká wo owó náà lójú korokoro. Ní Yúróòpù, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń mú ẹni tí kò mọ nǹkan kan títí dé ìwé-àṣẹ iṣẹ́ ń gba nǹkan bí yúrò 60,000 sí 100,000, òmíràn sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yúrò kan jẹ́ fáráǹkì sẹ́fà 656 ó dín díẹ̀, kì í sì í yẹ̀. Èyí túmọ̀ sí mílíọ̀nù 39 sí mílíọ̀nù 65. Láti ọdún 2023, owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Benin là kalẹ̀ jẹ́ 52,000. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò sanwó ilé, yóò lo ọdún 63 kí ó tó kó èyí tó kéré nínú owó náà jọ, yóò sì lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ó tó rí èyí tó pọ̀. Kò sì tíì parí síbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ lórí irú bàálù kan pàtó, bíi Boeing 737 tàbí Airbus A320, ṣì wà níwájú, mílíọ̀nù-mílíọ̀nù náà sì ni bí ilé-iṣẹ́ tó gbani kò bá bá ni san án. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù Air Afrique wà, ẹrù yìí kì í ṣe ti ìdílé nìkan. Ọdún 1961 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, tí Dahomey (Benin òní) wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń rán ọmọ adúláwọ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Ó kógbá sílé ní ọdún 2002. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ló ń wá bí yóò ti ṣe é.

Kí ló mú kó wọ́n tó báyìí? Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cessna 172, bàálù oníjókòó mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́ káàkiri ayé. Kó tó gòkè, ó ní láti fi ife kékeré kan tó mọ́ gaara fa epo díẹ̀ lábẹ́ apá bàálù, kó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó sì wò ó. Àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni epo náà gbọ́dọ̀ ní. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ife ni omi yóò jókòó sí. Àwọn tó ń ta epo kpayo nínú ìgò lójú ọ̀nà Sakété sí Igolo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé epo sókè wò, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe epo tí a lè rí lẹ́bàá ọ̀nà. Òkèèrè ni wọ́n ti ń gbé e wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n, bàálù kékeré náà sì ń mu tó lítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Ẹ wá fi owó olùkọ́ kún un, ẹ fi ti adójútòfò kún un, àti ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní láti tú palẹ̀ tún ṣe lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 2,000. Wákàtí òfuurufú gan-an ni ọjà tí à ń rà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì sọ pé òun ń tà á ní ẹ̀dínwó tó kọjá àlà ti yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òfin àgbáyé fúnra rẹ̀ ti gé ọ̀nà náà sí ìpele. Ọmọ ọdún 17 lè gba ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń wa bàálù láìgba owó-iṣẹ́, lẹ́yìn wákàtí 40 ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ni ọdún 18, pẹ̀lú wákàtí 200, tàbí 150 bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ètò rẹ̀, ó lè gba èyí tí a fi ń jẹun. Ìwé-àṣẹ tó ga jù, ti ọ̀gá awakọ̀ nínú bàálù ńlá, ń béèrè ọdún 21 àti wákàtí 1,500. Ìpele àkọ́kọ́ lè gba mílíọ̀nù 5 sí 10. Owó gidi ni, kò sí ẹni tó máa sọ pé kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi wé bí àwa ṣe ń kówó jọ. Èsúsú àwọn ìyá ọlọ́jà, oko ọ̀pẹ tí ẹbí jọ ni, ilẹ̀ kan tí wọ́n tà, ẹ̀gbọ́n tó wà nílùú òyìnbó tó ń fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí lè bí mílíọ̀nù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún díẹ̀. Wọn kò lè bí mílíọ̀nù 60 ní ọjọ́ kan. Ètò ìpele-ìpele ló bá bí owó ṣe ń wọlé fún wa mu. Láàárín ìpele kejì náà, ọgbọ́n kan wà tí a lè fi dín owó kù. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ méjì lè jọ háyà bàálù kan. Ọ̀kan á bo ojú kó má bàa rí ìta, á máa fi àwọn ẹ̀rọ inú nìkan wà á, èkejì á máa ṣọ́ òfuurufú fún un. Òfin ibẹ̀ gbà kí àwọn méjèèjì kọ wákàtí náà sínú ìwé wọn, wọ́n á sì pín owó rẹ̀ sí méjì. Ẹni tó bá wá di olùkọ́ lẹ́yìn ìwé-àṣẹ iṣẹ́, tí físà rẹ̀ sì gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́, owó ni wọ́n ń san fún un láti kó wákàtí tó kù jọ.

Àgbàdo wá dà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Iṣẹ́ tó sún mọ́ bàálù ni, èyí tí ọmọ lè ṣe kó tó wà á, tí kò sì ní pa á lẹ́kún bí kò bá wà á rárá. ASECNA, àjọ tó ń bójú tó òfuurufú Benin àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé láti ọdún 1959, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Niamey tí wọ́n ń pè ní EAMAC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ìdánwò ìdíje, concours, ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, àwọn tó ń darí bàálù láti ilé gogoro, àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní ìwé-ẹ̀rí BAC C tàbí D pẹ̀lú máàkì tó dára lè bá wọn du ú. Lódìkejì ààlà, ìjọba Nàìjíríà dá ilé-ẹ̀kọ́ Zaria sílẹ̀ ní 1964, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀, atúnbàálùṣe àti adaríbàálù pọ̀, ìjọba Kwara sì dá ti awakọ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọ Sakété kò ní di àlejò pátápátá ní Ìlọrin, èdè ilé rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó béèrè lọ́wọ́ ANAC, àjọ ìjọba Benin tó ń bójú tó ìwé-àṣẹ awakọ̀, ní Kútọnù kó tó san owó kankan, bóyá wọn yóò gba ìwé-àṣẹ Nàìjíríà wọlé àti ohun tí ìyẹn yóò ná an. Ọ̀rọ̀ èdè náà tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Awakọ̀ tó bá ń rin ìrìn-àjò ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele kẹrin ó kéré tán nínú mẹ́fà, wọ́n sì ń tún un ṣe fún ẹni tó wà ní ìpele kẹrin lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ọjà Ìdìrókò kò tó fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìpìlẹ̀ tí ọmọ Natitingou kò ní. Ẹni tó gbọ́ Faransé ní kíláàsì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wúlò fún ilé-iṣẹ́ bàálù bíi ASKY ní Lomé, tí bàálù rẹ̀ ń lọ sí ìhà èdè méjèèjì.

Àwọn kan yóò sọ pé ìfàsẹ́yìn ni gbogbo èyí. Wọ́n ní nínú iṣẹ́ bàálù, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ di ọ̀gá, nítorí náà kí ènìyàn yá owó, kó tètè parí, kó tètè wọlé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, n kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin àgbáyé gba awakọ̀ ilé-iṣẹ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ títí dé ọdún 65. Ẹni tó wọlé ní ọdún 30 dípò 24 pàdánù ọdún mẹ́fà nínú mọ́kànlélógójì. Ẹ fi ìyẹn sí apá kan, kí ẹ fi ilé baba tí wọ́n fi dúró fún gbèsè sí apá kejì. Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà dá bàálù dúró káàkiri ayé, awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá sì padà sílé. Gbèsè kò bá wọn dúró. Bákan náà ni owó tí a san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ṣe. Ní 2023, ilé-ẹ̀kọ́ Tayside Aviation ní Dundee, Scotland, ti ilẹ̀kùn lójijì, owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti san sílẹ̀ sì há sínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kọ̀ láti gba owó ìpele kan kó tó kan òmíràn kò yẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń gbé owó èsúsú fún.

Àtakò kejì lágbára jù. Ọwọ́ tó ń kọ́ bàálù máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá fò wákàtí mẹ́ta lóṣù yìí, tó tún sinmi oṣù mẹ́rin, yóò san owó láti tún kọ́ ohun tó ti mọ̀, ọ̀nà tó rò pé kò wọ́n yóò sì wá wọ́n jù. Ìwé pàápàá ní ọjọ́ orí. Ní Yúróòpù, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yege nínú ìdánwò ìwé tán, oṣù 36 péré ló ní láti fi gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi fi gbọ́dọ̀ wà láàárín ìpele méjì, kó má ṣe wọ inú ìpele kan. Kí owó ìpele náà pé lọ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un fún wákàtí tó lè ṣẹ́kù, kí ọmọ sì fò lójoojúmọ́ tí ojú-ọjọ́ bá gbà á títí yóò fi gba ìwé náà.

Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé awakọ̀ tó ń ṣọ́ owó ná yóò jẹ́ awakọ̀ tó léwu. Ìbẹ̀rù yìí yé mi, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tó rántí Kérésì ọdún 2003. Lọ́jọ́ náà, Boeing 727 kan tó ń gbéra ní Kútọnù fi ara gbá ilé kékeré kan ní òpin ọ̀nà ìsáré, ó sì já sí etí òkun. Ẹ̀mí tó lé ní 130 ló bá a lọ. Àwọn olùwádìí rí i pé ẹrù pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì wúwo jù níwájú, láìjẹ́ pé àwọn awakọ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ìṣirò tó yẹ kó fi èyí hàn kò ṣe é kọ́ ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún olówó, ọ̀kan fún tálákà. Ó wà lára ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lórí Cessna: ìwọ̀n ẹni kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n epo, ìwọ̀n àpò, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí, kí a ṣe é ní ìlọ́po, kí a rò ó pọ̀, kí a wo bóyá ó bọ́ sáàárín ìlà. Wákàtí tí òfin béèrè àti ìdánwò tó wà níwájú olùdánwò kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Àkókò tí a fi san owó nìkan ni ètò ìpele-ìpele ń yí padà.

Ibi tí mo ti rí i pé àwọn ìdílé ń fi owó ṣòfò jù ni pé ohun tó yẹ kó ṣíwájú ni wọ́n ń fi sẹ́yìn. Àyẹ̀wò ara, ti kíláàsì kìíní, lọ́dọ̀ dókítà tí ANAC fọwọ́ sí, gbọ́dọ̀ ṣíwájú owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì yẹ kó ṣíwájú ilẹ̀ títà. Gíláàsì ojú kò dí ọ̀nà bí ojú bá ríran dáadáa pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ AS kì í sábà dí i, SS ni ó máa ń dí i. Ohun tí ilé kì í mọ̀ ni àwọ̀: ọmọ lè dàgbà ní Pobè, kó máa kí gbogbo ènìyàn, kó gba BAC, láìmọ̀ pé ojú òun kò ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Kí ọmọ náà wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀, kó gba Àjàṣẹ́ kọjá sí Kútọnù. Dókítà yóò ṣí ìwé kan tó kún fún àmì róbótó-róbótó aláràbarà. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, 12 ni a kọ síbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni í sì í rí i. Yóò wá ṣí èkejì, yóò sì dákẹ́, yóò máa retí ohun tí ọmọ náà yóò kà.