Ìrora ẹsẹ̀ nítorí àrùn iṣan àlọ

Ìrora ẹsẹ̀ nítorí àrùn iṣan àlọ jẹ́ ìrora tí ó máa ń mú ènìyàn ní ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn, tí ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà tí ó bá dúró sinmi. Iṣan àlọ ni iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Bí ọ̀nà inú àwọn èyí tí ó lọ sí ẹsẹ̀ bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ibẹ̀ kì í tó fún ìrìn. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ń gbà tọ́jú ìrora náà: ìrìn tí a ṣètò gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá, àti iṣẹ́ lórí iṣan tí ó dí. Bí àrùn náà ṣe le tó ni ó ń sọ èyí tí ó yẹ aláìsàn.

Okùnfà àti àmì

Ọ̀rá ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri inú iṣan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ń dín ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kù. Sìgá mímu, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àpọ̀jù kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti ọjọ́ orí wà lára ohun tí ń ṣokùnfà rẹ̀. Ìrora náà wọ́pọ̀ jù ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ṣùgbọ́n ó lè wà ní itan tàbí ìdí. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 tí ènìyàn bá dúró. Orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn, claudication, wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì claudicare, tí ó túmọ̀ sí "tiro". Ó rọrùn láti kà á sí àmì ogbó tàbí làkúrègbé, èyí sì lè mú kí àyẹ̀wò pẹ́.

Àyẹ̀wò

Oníṣègùn máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ àti ní apá, yóò sì fi ti apá pín ti ọrùn ẹsẹ̀. Èsì láàárín 1.0 àti 1.4 dára, 0.90 tàbí èyí tí ó kéré sí i fi hàn pé àrùn wà. Nínú ara àwọn alátọ̀gbẹ, iṣan lè le débi pé èsì yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìtọ́jú pẹ̀lú ìrìn

Ìrìn tí ó ń fa ìrora náà gan-an ni ó tún jẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Aláìsàn yóò rìn títí ìrora yóò fi le díẹ̀, yóò dúró títí yóò fi lọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. A máa ń ṣe èyí fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lábẹ́ àbójútó olùtọ́jú. Ìrìn kì í ṣí iṣan tí ó dí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ ẹran ẹsẹ̀ láti lo ọ́síjìn dáadáa, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ṣàn. Ní 1966, Larsen àti Lassen ní Dẹ́nmákì tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ìrìn ojoojúmọ́ ń mú kí àwọn aláìsàn lè rìn pẹ́ sí i.

Iṣẹ́ lórí iṣan

Ní 1948, Jean Kunlin ní Paris fi iṣan àbọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀nà tuntun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbà kọjá ibi tí ó dí. Ní 1964, Charles Dotter ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan, ó sì fi fẹ ọ̀nà rẹ̀ fún obìnrin ẹni ọdún 82 kan tí ó ti kọ̀ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 1974, Andreas Grüntzig ní Zurich bẹ̀rẹ̀ sí í lo àpò kékeré tí a lè fẹ́ nínú iṣan. Lónìí, a tún lè fi stent, ìyẹn ọ̀pá onírin tí ó rí bí àwọ̀n, sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀nà má baà tún pa dé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tètè mú ìrora rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí àkóràn, iṣan náà sì lè tún dí.

Ìfiwéra

Ìwádìí CLEVER, tí a tẹ̀ jáde ní 2012, fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn láàárín ènìyàn 111 tí iṣan wọn dí ní ìsàlẹ̀ ikùn. Lẹ́yìn oṣù 6, àkókò tí àwọn tí ó ṣe eré ìdárayá lè fi rìn lórí ẹ̀rọ fi ìṣẹ́jú 5.8 pọ̀ sí i. Ti àwọn tí ó gba stent fi 3.7 pọ̀, ti àwọn tí ó lo oògùn nìkan sì fi 1.2 pọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ó gba stent ni ó sọ pé ìgbé ayé wọn dára sí i jù. Nítorí náà, a sábà máa ń fi ìrìn bẹ̀rẹ̀ bí ìrora bá jẹ́ ti ìrìn nìkan, a ó sì ronú iṣẹ́ lórí iṣan bí kò bá tó.

Ìgbà tí ìrìn kò tó

Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ènìyàn nígbà tí ó sinmi, pàápàá lóru, bí egbò kò bá jinná, tàbí bí ìka ẹsẹ̀ bá ń dúdú, ẹsẹ̀ náà wà nínú ewu. Èyí kì í ṣe àsìkò ìrìn; a ní láti dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ kíákíá kí a má baà gé e. Bí ẹsẹ̀ bá sì tutù lójijì, tí ó funfun, tí ó sì kú, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Ọ̀nà yòówù kí a yàn, fífi sìgá sílẹ̀, ìtọ́jú àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti oògùn tí dókítà bá kọ, irú bí aspirin àti statin, ṣe pàtàkì. Irú ọ̀rá tí ó dí iṣan ẹsẹ̀ lè dí ti ọkàn àti ti ọpọlọ pẹ̀lú, kí ó sì fa ìkọlù ọkàn tàbí àrùn rọpárọsẹ̀.