Ẹsẹ̀ Ajá Tó Ń Ṣọ́ Ọjà Wa

Púpọ̀ nínú wa ló ní ajá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Ajá ilé ìkẹ́rùsí kan tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. A rò pé ìṣó ló gún un. Nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wò, àṣé èékánná òkè, èyí tó dà bí àtàǹpàkò, ló ká wọnú ẹran, tó ti ń ṣọyún. Èékánná yẹn kì í kan ilẹ̀, kò sì sí ohun tó ń họ ọ́ kúrú. Ajá tó ń tiro, olè wo ló fẹ́ lé?

Ẹran ààyè wà nínú èékánná ajá, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí èékánná bá funfun, ẹ ó rí ẹran náà tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má dé ibẹ̀. Bí ó bá dúdú, ẹ máa ré e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ bá ti rí àmì róbótó tó dúdú láàárín, ó tó, ẹ fi sílẹ̀. Irin tí wọ́n ṣe fún èékánná ajá ni kí ẹ lò. Ọ̀bẹ kọ́, bíléèdì kọ́ o! Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá dá, tàbí bí èékánná bá ti wọnú ẹran, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Ti irun kò le tó bẹ́ẹ̀. Ajá ilé wa tí irun rẹ̀ kúrú, búrọ́ọ̀ṣì ti tó o. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí eégbọn. Bí irun onírun gígùn bá lọ́ pọ̀, òòyà ni kí ẹ fi tú u. Ẹ má ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, nítorí awọ máa ń fà wọnú irun náà. Ẹ má sì fá Alsatian kodoro nítorí ooru; irun yẹn ló ń gba oòrùn fún un.

Ẹni tí ajá mọ̀ ni kó dì í mú. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí àìsàn dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, agbára káká ni kó tó yè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín kí ẹ tó mú irin dání.